Igun kan ṣoṣo lára ṣọ́ọ̀ṣì onígi Urnes: bí mo ṣe kọ́ ọ, ohun tó yẹ̀ àti ohun tó dúró

Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ rèé láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tó dé báyìí, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀ má bàa tún ná owó tí mo ti ná. Ṣọ́ọ̀ṣì onígi kan wà ní abúlé Ornes ní Nọ́wè, Urnes lorúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, orí òkè létí omi ló wà lágbègbè Luster, níbi tí òkun ti ya wọ àárín òkè ńláńlá, èèyàn máa ń wọkọ̀ ojú omi láti Solvorn kó tó débẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1130 sí 1132 ni wọ́n gé igi tí wọ́n fi kọ́ ọ nínú igbó, òrùka inú igi yẹn, tí igi máa ń fi ọ̀kan kún ara ẹ̀ lọ́dọọdún, ni wọ́n kà tí wọ́n fi mọ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò, ó ti lé ní 890 ọdún tí igi páìnì yẹn ti wà lójú òjò àti yìnyín. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ igi níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, mo ti rí òpó fẹ́ǹsì páìnì tó jẹrà lẹ́sẹ̀ kó tó pé ọdún mẹ́wàá, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn nípa ṣọ́ọ̀ṣì yìí ò ju ẹyọ kan lọ: kí ni wọ́n ṣe fún ẹsẹ̀ igi wọ̀nyẹn?

Mi ò kọ́ odindi ṣọ́ọ̀ṣì o, igun kan péré ni. Òpó igun kan, igi ìsàlẹ̀ méjì tó ṣe àgbélébùú lórí òkúta, pákó ògiri lápá méjèèjì, àti pákó kan tí mo gbẹ́ ọnà sí lára, ọnà tí wọ́n ń pè ní ọnà Urnes torí pé ibẹ̀ ni èyí tó lókìkí jù nínú ẹ̀ wà. Mo dín gbogbo ẹ̀ kù kó lè wọ inú ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn ilé.

Kí n tó kó irinṣẹ́ jáde, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn tó fà á, torí láìsí ìtàn yẹn iṣẹ́ náà ò ní ìdí. Ní 1956 sí 1957 wọ́n gbẹ́ abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Urnes, wọ́n bá ojú ihò àwọn òpó àtijọ́ níbẹ̀, òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ tààrà. Ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn ti wà níbẹ̀ ṣáájú, onígi náà ni, ẹsẹ̀ ẹ̀ sì wà nínú yẹ̀pẹ̀. Ìyẹn ò dúró. Àmọ́ àwọn tó kọ́ tuntun ò jẹ́ kí ọnà ti àtijọ́ ṣòfò, wọ́n tú ẹnu ọ̀nà ẹ̀, igi tí wọ́n gé ní nǹkan bí 1070, wọ́n wá tò ó sára ògiri àríwá ṣọ́ọ̀ṣì tuntun, pẹ̀lú pákó ògiri méjì àti òpó igun kan àti pákó ògiri onígun mẹ́ta abẹ́ òrùlé lápá ìwọ̀ oòrùn àti ìlà oòrùn. Ibẹ̀ ló ṣì wà dòní. Ohun méjì ló wá wà lára ilé kan náà: ọnà tó ti inú ilé tó wó jáde, àti ẹsẹ̀ tuntun tí wọ́n fi gbé e dúró. Gbogbo ohun tí mo ṣe nísàlẹ̀ yìí, àwọn méjèèjì yẹn ni mo fi ṣe.

1. Igi

Páìnì ni wọ́n lò, ṣùgbọ́n kì í ṣe páìnì tí ẹ ń rí ní ṣọ́ọ̀bù. Inú igi páìnì tó dàgbà díẹ̀díẹ̀ ní ilẹ̀ tútù máa ń kún fún oje, àárín ẹ̀ á pọ́n, á wúwo, àwọn ará Nọ́wè ní orúkọ tí wọ́n ń pe irú igi bẹ́ẹ̀, malmfuru ni, wọ́n tiẹ̀ máa ń bó èèpo igi náà lóòró kí wọ́n tó gé e, kí oje lè rin gbogbo ara ẹ̀. Ara òde igi tó funfun ni kòkòrò àti ìrà máa ń kọ́kọ́ jẹ, ọkàn igi yẹn ló ń dúró.

Páìnì ṣọ́ọ̀bù ni mo kọ́kọ́ rà, pọ́n-ùn 18, funfun, fúyẹ́, òrùka ẹ̀ jìn síra wọn gan-an. Mo gé ègé ẹ̀ kan, mo gbé e dúró sínú ike tí mo bu omi sí, mo da àwọ̀ pupa tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì sínú omi yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, àwọ̀ pupa yẹn ti gun igi náà ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ láti ibi tí wọ́n ti gé e. Mo wá wá igi àtijọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta igi inú ilé tí wọ́n wó, mo rí ìtì páìnì mẹ́ta tó ti inú ilé ìkẹ́rù kan jáde, onígun mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà 16 sí 16, pọ́n-ùn 95 ni wọ́n gbà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí èèyàn bá fi ayùn kàn án báyìí, òórùn oje á gba gbogbo ṣẹ́ẹ̀dì. Ìyẹn náà, mo gbé ègé ẹ̀ sínú omi pupa kan náà, kò ju mìlímítà 8 lọ tó fi gùn ún. Níbẹ̀ ni mo ti dá páìnì ṣọ́ọ̀bù dúró, mo pa òpó kékeré kan mọ́ lára ẹ̀ fún ìdánwò tí màá sọ tó bá yá.

Ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: omi ò gba ẹ̀gbẹ́ igi wọlé tó bó ṣe ń gba ojú ibi tí wọ́n ti gé e wọlé. Igi tó dúró lóòró, tí ojú ìdí ẹ̀ kan ilẹ̀, ń mu omi lọ́sàn-án lóru. Gbogbo ọgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

2. Òkúta àti igi ìsàlẹ̀

Ohun tí àwọn tó kọ́ Urnes ṣe ni pé wọn ò jẹ́ kí òpó kankan kan yẹ̀pẹ̀ mọ́. Wọ́n to òkúta sílẹ̀, wọ́n tẹ́ igi ńlá sórí òkúta yẹn ní ìbú, orí igi tó dùbúlẹ̀ yẹn ni òpó àti pákó ògiri wá dúró lé. Igi tó dùbúlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló dojú kọ ilẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń kọjá lábẹ́ ẹ̀.

Òkúta pẹlẹbẹ mẹ́rin ni mo rà, pọ́n-ùn 12. Mo gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, mo da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, mo lù ú dáadáa, mo to òkúta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé e, mo fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wò ó. Má ṣe kánjú níbí o, tí òkúta kan bá rì díẹ̀ lẹ́yìn òjò, gbogbo igun náà á yí, pákó á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú ihò wọn. Ní Urnes gan-an wọ́n ní láti tún ìsàlẹ̀ ilé náà ṣe láyé òde òní torí ilẹ̀ tó ń rì, ó wà lára iṣẹ́ ńlá tí ìjọba Nọ́wè ṣe láti 2001 sí 2015 lórí irú ṣọ́ọ̀ṣì 28 tó kù ní ilẹ̀ wọn.

Igi ìsàlẹ̀ méjèèjì, mo là wọ́n láti ara ìtì kan, fífẹ̀ 6, gíga 10, gígùn mítà 1.2. Níbi tí wọ́n ti pàdé, mo gé ìdajì lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, sẹ̀ǹtímítà 5 lára èyí òkè, 5 lára èyí ìsàlẹ̀, kí àwọn méjèèjì lè dọ́gba lórí, mo sì jẹ́ kí imú wọn yọ sẹ̀ǹtímítà 12 síta kọjá igun. Má gé imú yẹn kúrò. Tí ẹ bá gé e, ibi tí wọ́n ti fẹnu kora máa là lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé òpó lé e, torí igi tó kù síbẹ̀ á ti kúrú jù. Ayùn àti ṣísẹ́lì ni mo fi ṣe é, kò ní wàhálà.

3. Ẹsẹ̀ òpó

Ibí ni iṣẹ́ ti le. Òpó igun inú irú ilé yìí, kì í kàn dúró lórí àgbélébùú igi ìsàlẹ̀ lásán, wọ́n máa ń gé ìdí òpó náà ní àgbélébùú kó lè há ibi tí igi méjèèjì ti pàdé mọ́ àárín, ìka igi mẹ́rin á wá wà nísàlẹ̀ òpó, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sọ̀kalẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Òpó ò lè yẹ̀ sápá kankan, àwọn ìka yẹn sì ń bo ibi tí wọ́n ti fẹnu igi kora kí òjò má bàa wọ ibẹ̀. Nígbà tí mo rí i nínú àwòrán, mo ṣáà ń wò ó, torí ẹni tó kọ́kọ́ ro èyí, orí ẹ̀ pé gidi gan-an.

Mo fá ìtì kejì di róbótó, 15 ni ìbú ẹ̀. Àáké ni mo fi kọ́kọ́ gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò kó di onígun mẹ́jọ, lẹ́yìn náà onígun mẹ́rìndínlógún, kí n tó wá fi ọ̀bẹ olówọ́ méjì tí wọ́n ń fà sí àyà fá a kúnná. Mítà 1.1 ni gígùn ẹ̀. Mo wá sàmì àgbélébùú sí ìdí ẹ̀, 6 ní fífẹ̀, 8 ní jíjìn.

Ìgbà àkọ́kọ́, láti ìdí ni mo ti ń fi ṣísẹ́lì lù ú wọlé, ìka kan là tán pátá láti ìsàlẹ̀ gòkè, ó bá ojú òrùka igi lọ, mo ní láti gé ibẹ̀ kúrò kí n tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà kejì mo gbẹ́ ẹ tán láìsí nǹkan kan, àmọ́ bí mo ṣe gbé òpó lé orí àgbélébùú tí mo wá fi òòlù onígi lù ú wọlé, mo gbọ́ “pà!”, ìka méjì là lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀gbọ́n wa kan wà ládùúgbò wa, Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ káfíńtà kí wọ́n tó wá síbí, mo pè wọ́n wá wò ó. Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n fi àtàǹpàkò nu inú ihò náà, wọn ò sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, “Àbúrò, wá wò ó. Níbo ló ti ń dán?” Mo wò ó, inú ẹ̀gbẹ́ ìka méjèèjì tó là ló ń dán, ibi tí igi ìsàlẹ̀ ti fún un. “Igi ìsàlẹ̀ ẹ ló di wẹ́jì. Ò ń la òpó ara ẹ.” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n tún fá igi ìsàlẹ̀ ni?” Wọ́n ní rárá, “Fún un láyè nínú òpó. Orí ni kó gbé ẹrù, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́.”

Bó ṣe wá ṣeé ṣe rèé. Mo fi díríìlì gba ihò kọjá láti ẹ̀gbẹ́ òpó sí ẹ̀gbẹ́ kejì ní òkè ibi tí àgbélébùú máa dé, ihò wọ̀nyẹn tò síra wọn, ìyẹn ni kò jẹ́ kí lílà kankan lè gòkè kọjá ibẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo fi ayùn sọ̀kalẹ̀ láti ìdí wá pàdé ihò lápá méjèèjì, mo wá ti àárín jáde. Mo fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àyè mìlímítà kan, mo sì fá eteetí inú ìka kó má mú. Òkè inú àgbélébùú ni mo fẹ́ kó tẹ́jú dáadáa torí ibẹ̀ ni òpó ń jókòó lé, mo fi ẹfun ìkọ̀wé kun orí igi ìsàlẹ̀, mo gbé òpó lé e, mo tún gbé e kúrò, ibi tí ẹfun bá ti lẹ̀ mọ́ ni mo fá, mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi lẹ̀ mọ́ gbogbo ibẹ̀. Gíga igi ìsàlẹ̀ jẹ́ 10, jíjìn ihò jẹ́ 8, nítorí náà ìka wọ̀nyẹn kọ́ sókè sẹ̀ǹtímítà 2 sí òkúta, ojú tí mo gé ò kan ohunkóhun. Ó dúró. Mo fi gbogbo ara tì í, kò mì.

4. Pákó ògiri

Pákó ògiri dúró lóòró, ìdí wọn wọ inú gúrúùfù tí wọ́n gbẹ́ sí orí igi ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ wọn wọra: ahọ́n lára ọ̀kan, ihò lára èkejì. Kò sí ìṣó níbẹ̀. Níbi tó bá ti pọn dandan, èèkàn igi ni wọ́n ń lù wọlé. Ìdí tí kò fi sí ìṣó ni pé pákó ń wú nígbà òjò, ó ń sún kì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ìṣó bá dì í mú pákó á là.

Gúrúùfù tèmi, fífẹ̀ 2.2, jíjìn 2.5. Pákó nípọn 3, mo fá ìdí wọn kó tinrín sí 2.2. Mo gbẹ́ irú gúrúùfù bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òpó láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí pákó àkọ́kọ́ wọ inú ẹ̀. Pákó tó kẹ́yìn, mo gé e kó fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ díẹ̀, bí mo bá ṣe ń lù ú sọ̀kalẹ̀ láti òkè bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo pákó yòókù ń fún mọ́ra. Èèkàn, mo gé wọn ní onígun mẹ́jọ láti ara ègé igi tó gbẹ gan-an, mo lù wọ́n sínú ihò róbótó, igun ẹ̀ ló ń di igi mú.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé rọ́bà omi, mo wọ́n ọn sára ògiri bí òjò. Lójú mi báyìí omi ń ṣàn sọ̀kalẹ̀ lára pákó, ó ń wọ inú gúrúùfù, ó sì jókòó síbẹ̀. Ìdí pákó, ojú tí mo gé, ti wá wà nínú omi. Ká tiẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò nínú yẹ̀pẹ̀, ká wá rì í sínú àwo omi, àǹfààní wo ló kù? Ọjọ́ kejì tí mo fi mítà tó ń wọn omi inú igi wò ó (pọ́n-ùn 22 ni mo rà á), ìdí pákó ń ka ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún, òkè pákó 14.

Àtúnṣe méjì ni mo ṣe sí i. Mo yọ pákó, mo lu ihò kéékèèké láti ìsàlẹ̀ gúrúùfù gba inú igi ìsàlẹ̀ já sí abẹ́, mìlímítà 10 ni ìbú ihò, ọ̀kan lábẹ́ pákó kọ̀ọ̀kan, díríìlì tó gùn tó láti ṣe é gba pọ́n-ùn 11. Mo tún fá etí òde igi ìsàlẹ̀ kó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ síta kí omi má lè padà sínú. Mo wọ́n omi sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, omi ń kán jáde lábẹ́, ó dùn ún wò títí.

5. Ọnà

Ní báyìí a ti dé ibi tó jẹ́ kí n fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Ẹnu ọ̀nà àríwá ní Urnes tẹ́ẹ́rẹ́, ó fẹ̀ díẹ̀ lókè, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì kún fún ẹranko àti ejò tó lọ́ mọ́ra. Lápá òsì ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ńlá kan dúró, ọrùn ẹ̀ gùn, ẹyinjú ẹ̀ ṣe ṣóńṣó síwájú, itan ẹ̀ ní ọnà tó lọ́ róbótó, ó bu ejò kan jẹ lọ́rùn, ejò yẹn náà yí padà bù ú jẹ. Gbogbo ìyókù jẹ́ ejò àti ìtàkùn tó ń gba abẹ́ ara wọn kọjá, tó ń gba orí ara wọn kọjá, tí kò sí ibi tí ojú ti lè sinmi. Àwọn onímọ̀ ò fẹnu kò lórí ohun tó túmọ̀ sí, àwọn kan ní kìnnìún ni, pé Kristi ni tó ń bá ibi jà, àwọn mìíràn ní ìtàn àwọn òrìṣà àtijọ́ wọn ni, ejò tó ń jẹ gbòǹgbò igi ayé. Èrò tèmi ni pé agbẹ́gilére yẹn mọ ìtàn méjèèjì, torí ní nǹkan bí 1070 ìgbàgbọ́ Kristi ò tíì pẹ́ rárá ní Nọ́wè, èèyàn tó gbẹ́ ẹ lè ti gbọ́ ti àtijọ́ lẹ́nu bàbá bàbá ẹ̀.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ nìkan ni irú ọnà yẹn wà. Ó wà lára òkúta ìrántí ní Swídìn, ó wà lára àgbélébùú Cong ní Áyálándì tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí 1123, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí pàápàá, British Museum ní bùróòṣì kékeré kan, ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń fi há aṣọ, tí wọ́n hú jáde ní Pitney ní Somerset, kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, ẹranko àti ejò kan náà ló wà nínú ẹ̀ tó ń bu ara wọn jẹ. Bùróòṣì yẹn ni mo fi kọ́ bí ọnà yìí ṣe ń yí, torí ó kéré débi pé ojú lè tẹ̀lé ìlà kan láti orí dé ìrù láìsọnù.

Igi àtijọ́ tí mo rà ò dáa fún ọnà, ó ń là, oje ẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ ṣísẹ́lì. Mo ra pákó páìnì pupa kan tó dàgbà díẹ̀díẹ̀, pọ́n-ùn 24, gígùn 70, fífẹ̀ 28, nínípọn 4.5. Mo ka òrùka ẹ̀ kí n tó sanwó, àwọn òrùka yẹn sún mọ́ra gan-an.

Yíyà ẹ̀: ìwọ̀n mẹ́ta péré ni kí ẹ lò. Ara ẹranko nípọn, ejò tinrín sí i, ìtàkùn ló tinrín jù bí okùn. Kò sí ìlà tó nípọn dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo ẹ̀ ń wú díẹ̀díẹ̀, ó ń tinrín díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá yà á kó dọ́gba, ó kàn máa dà bí wáyà tó lọ́ mọ́ra, ẹ̀mí inú ẹ̀ á jáde. Mo yà á sórí bébà, mo nu ún, mo tún un yà, kí n tó fi kábọ́ọ̀nù gbé e sára pákó. Mo sàmì sí gbogbo ibi tí ìlà ti pàdé, àmì “òkè” tàbí “abẹ́”, wọ́n gbọ́dọ̀ máa yí: òkè, abẹ́, òkè, abẹ́. Má fi sí orí o, sàmì sí i.

Gbígbẹ́ ẹ̀: mo kọ́kọ́ rẹ ilẹ̀ ọnà náà sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2. Ibi tí ìtàkùn tinrín ti dábùú ojú igi, tó fẹ̀ tó mìlímítà 6 péré, ó ṣẹ́. Mo fi àtè lẹ̀ ẹ́, nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ èyí tó tẹ̀lé e ìyẹn náà ṣẹ́. Mo wá padà wo àwòrán Urnes ní ọ̀kánkán, mo rí i pé ìtàkùn tí wọ́n gbẹ́ yẹn, bó ti wù kó tinrín tó lójú, ìdí ẹ̀ ò tinrín, ó fẹ̀ sísàlẹ̀ níbi tó ti so mọ́ pákó, òkè nìkan ni wọ́n fá yí róbótó. Ojú ń rí okùn, àmọ́ igi tó lágbára ló wà lábẹ́ ẹ̀. Láti ìgbà yẹn mo ń fi ìtàkùn sílẹ̀ ní mìlímítà 12, màá parí gbogbo ilẹ̀ tó yí i ká, ìgbẹ̀yìn ni màá tó fi ọ̀bẹ kékeré fá òkè ẹ̀. Kò tún sí èyí tó ṣẹ́. Ẹ máa pọ́n irinṣẹ́ lemọ́lemọ́, páìnì rọ̀, tí ṣísẹ́lì ò bá mú, ńṣe ló ń tẹ igi pẹlẹbẹ dípò kó gé e. Mo ń fi tapẹtáìnì nu oje kúrò lẹ́nu ẹ̀.

Ẹyinjú ẹranko ni mo gbẹ́ kẹ́yìn. Ó gùn, ó kún gbogbo orí ẹ̀ tán, imú wà níwájú, ètè òkè ká díẹ̀. Bí ojú yẹn ṣe jáde báyìí, gbogbo ìlà tó kù lára pákó bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìtumọ̀.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, orí àwọn òpó tún ní ọnà mìíràn, kìnnìún, dírágónì, èèyàn tó ní ara ẹṣin, àmọ́ wọ́n pẹlẹbẹ, ọwọ́ mìíràn ló gbẹ́ ìyẹn, ó ti ń bá ti ilẹ̀ Yúróòpù tó kù mu. Lókè ẹnu ibi pẹpẹ, ère Jésù lórí àgbélébùú pẹ̀lú Màríà àti Jòhánù wà níbẹ̀ láti ayé àtijọ́, ọ̀pá àbẹ́là méjì tí wọ́n ṣe ní Limoges ní Faransé sì wà lórí pẹpẹ. Abúlé ni o, lẹ́bàá omi, síbẹ̀ nǹkan ilẹ̀ òkèèrè ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Màá gbìyànjú orí òpó kan nígbà mìíràn.

6. Ọ̀dà

Ọ̀dà igi páìnì ni wọ́n ń kùn wọ́n, wọ́n máa ń jó kùkùté páìnì tó kún fún oje nínú ààrò tí afẹ́fẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀, ọ̀dà á ṣàn jáde nísàlẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n gbọ́dọ̀ máa tún un kùn láti ìran dé ìran, ìjọ tó bá gbàgbé, ilé ẹ̀ ń lọ. Níbí, ibi tí wọ́n ti ń ta nǹkan ẹṣin ni mo ti rí i, torí wọ́n máa ń fi pa pátákò ẹṣin, Stockholm tar lorúkọ ẹ̀ lára agolo, lítà kan pọ́n-ùn 17.

Mo kùn ún bó ṣe wà, nípọn, tútù, ọjọ́ òtútù sì ni, ó jókòó sórí igi bí àtè, kò gbẹ, eṣinṣin lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fi aṣọ àti tapẹtáìnì nu ún kúrò. Nígbà tí oòrùn wá jáde, mo gbé agolo náà sínú omi gbígbóná títí ó fi ṣàn bí omi ẹ̀kọ, mo pò ó pọ̀ mọ́ òróró linseed, ìdá mẹ́ta ọ̀dà sí ìdá kan òróró (òróró pọ́n-ùn 9), mo kùn ún tinrín, mo fi búrọ́ọ̀ṣì tì í wọ inú igi, mo nu èyí tó bá ṣẹ́kù lórí. Ìpele mẹ́ta. Orí ibi tí mo ti gé igi, mo kùn ún títí kò fi mu mọ́. Omi gbígbóná ni kí ẹ lò o, ẹ má gbé agolo ọ̀dà lé iná láéláé, ẹ sì tẹ́ aṣọ tí ẹ fi nu òróró linseed sílẹ̀ níta kó gbẹ, ẹ má ká a jọ, ó lè gbiná fúnra ẹ̀. Igi tó mu ọ̀dà ń jó kíákíá. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà 1992, ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì Fantoft ní Bergen, ó jóná tán, wọ́n ní láti tún un kọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ó dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó ṣì ń dùn mí.

Iná nìkan kọ́ ló pa wọ́n. Irú ṣọ́ọ̀ṣì yìí lé ní ẹgbẹ̀rún kan ní Nọ́wè nígbà kan. Òfin kan jáde ní 1851 pé ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá àwọn ará ìjọ, àwọn onígi kéékèèké yìí ò sì gbà tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ń wó wọn lọ. Ayàwòrán J. C. Dahl ti ń pariwo ṣáájú ìgbà yẹn, òun ló ra ṣọ́ọ̀ṣì Vang ní 1841 nígbà tí wọ́n fẹ́ wó o, wọ́n tú u, wọ́n gbé e lọ sí ilẹ̀ ọba Prussia, Karpacz ní Pólándì ló wà báyìí. Urnes bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ohun àtijọ́ ní 1881, UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 1979.

7. Ìdánwò

Òpó páìnì ṣọ́ọ̀bù tí mo pa mọ́ níjọ́sí, mo rì í mọ́lẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 30 lẹ́gbẹ̀ẹ́ igun tí mo kọ́, láìkun ọ̀dà. Òpó mìíràn láti ara igi àtijọ́, mo rì í bẹ́ẹ̀ náà, òun mo kun ọ̀dà sí i. Gbogbo ìgbà òtútù ni wọ́n fi wà níbẹ̀.

Mo hú wọn. Ti ṣọ́ọ̀bù, níbi tó ti kan ojú ilẹ̀ gan-an, àtàǹpàkò mi wọ inú ẹ̀ díẹ̀, ó ti dúdú, mítà ń ka ju 30 lọ. Ti igi àtijọ́ ṣì le, àmọ́ ojú ilẹ̀ yẹn náà ń ka 26, àkókò nìkan ló ń dúró dè. Òpó igun tó wà lórí igi ìsàlẹ̀, ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ ń ka 16. Ìdí pákó inú gúrúùfù tó ti ní ihò, 18. Igi ìsàlẹ̀ fúnra ẹ̀, 19 lábẹ́. Igi kan náà, ọ̀dà kan náà, òjò kan náà.

Àwa tá a wà ní Gẹ̀ẹ́sì ò ní láti lọ jìnnà kí a tó rí i. Ṣọ́ọ̀ṣì Greensted wà ní Essex, lẹ́bàá Ongar, igi óákù tí wọ́n là sí méjì ni ògiri ẹ̀, wọ́n dúró lóòró, ó ti wà láti nǹkan bí òpin ọ̀rúndún kọkànlá. Ìdí igi wọ̀nyẹn jẹrà, ní 1848 wọ́n gé ibi tó ti bàjẹ́ kúrò, wọ́n wá gbé gbogbo ẹ̀ lé igi tó dùbúlẹ̀ lórí bíríkì. Èyí tó kù lókè wà níbẹ̀ dòní.

Gbogbo owó tí mo ná jẹ́ pọ́n-ùn 208, láìka irinṣẹ́ tí mo ti ní tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fò páìnì ṣọ́ọ̀bù dá, á ṣẹ́ 18 kúrò níbẹ̀, mítà yẹn nìkan ni mo ní kí ẹ má fò. Igi òkè tó máa di orí òpó àti pákó mú ló kàn, mo ti gé e sí mítà 1.2, gúrúùfù ẹ̀ máa dojú kọlẹ̀, nítorí náà òun ò nílò ihò omi, ṣùgbọ́n ó máa nílò àgbélébùú ti ẹ̀ lórí òpó, màá sì fún un ní àyè mìlímítà kan lápá méjèèjì.